Kónílé-ó-gbélé: Àṣẹ, Ẹbọ àti Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn tó ń wádìí ìwà ọmọ ènìyàn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn ti ń gbé pọ̀ ní ìlú, òun náà ni pé, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọlé, ìyẹn àrùn tí í ti ara ẹnì kan ràn dé ara ẹlòmíràn títí yóò fi gba ìlú kan, kí ni olórí lẹ́tọ̀ọ́ láti pa láṣẹ, kí sì ni ẹni tó pa àṣẹ náà mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ olórí. Ní ọdún 2020, ìbéèrè yìí kúrò nínú ìwé, ó wọ yàrá àwọn ayálégbé ní Ṣómólú àti Bàrígà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Nàìjíríà hàn, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé, láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, gbogbo ènìyàn ní Èkó, Ògùn àti Àbújá gbọ́dọ̀ wà nílé fún ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ó tún fi ọjọ́ 14 lé e, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí okùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Kónílé-ó-gbélé ni àwọn Yorùbá pe àṣẹ yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí ni onílé, ẹni tó ní ibi tí ó lè pè ní ilé kí ó tó wá di pé ó gbé inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà Ṣómólú àti Bàrígà, ilé tí àwọn ènìyàn háyà ni èyí tí wọ́n ń pè ní fésìmí-fésìyú, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, tí odindi ìdílé ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì jọ ń lo ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń gbé láti àárọ̀ dé alẹ́. Ibi sísùn ni, nítorí pé ìta, ọjà, ibi iṣẹ́ àti ojú ọ̀nà ni àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ ti ń lo ọ̀sán. Nígbà tí gbogbo wọn bá wá jókòó sílé pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn yóò kún ju bí ó ti máa ń kún lọ, àṣẹ tí ó fẹ́ kí ènìyàn jìnnà síra wọn yóò sì ti kó wọn jọ. Kò túmọ̀ sí pé àṣẹ náà burú. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé yàrá ẹni tí yóò pa àṣẹ mọ́ ni ó yẹ kí a dúró sí láti wọn bí àṣẹ ṣe wúwo tó, nítorí pé ní ẹnu ẹni tó pa á, gbogbo àṣẹ ló fúyẹ́.

Iṣẹ́ àwọn ènìyàn náà tún fi kún ìwúwo yìí. Ṣómólú ni a mọ̀ jákèjádò Èkó fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé: káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn ìjọ àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ń tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì rọ̀ mọ́ ìpéjọpọ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ìjọba fòfin de ayẹyẹ, ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ atẹ̀wé ti dákẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní apá Bàrígà tó kángun sí ọ̀sà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé, ẹja pípa àti yanrìn wíwà ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun, owó òòjọ́ sì ni owó wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Nínú èrò Yorùbá, àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àṣẹ ni agbára tó ń mú kí ohun tí a sọ ṣẹ, ọba sì ni a ń pè ní aláṣẹ èkejì òrìṣà. Ṣùgbọ́n ọba kan náà yìí ni àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, lè gbé igbá òfìfo síwájú rẹ̀ láti sọ fún un pé ìlú kò fẹ́ ẹ mọ́. Àrùn wá mú kí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí túbọ̀ jinlẹ̀. Òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ni ìgbóná, àrùn tó fi àpá sí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kì í sábà pe orúkọ rẹ̀, Ṣọ̀pọ̀ná, ní gbangba. Ọbalúayé ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọba tó jẹ́ olúwa ayé. Oyè ọba ni wọ́n fún àrùn. Ó jọ pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé, nígbà tí àjàkálẹ̀ bá wà ní ìlú, ọba kejì ti wọ ìlú, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ kò sì lè máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ń pàṣẹ. Ètùtù ìlú, èyí tí í ṣe ẹbọ tí gbogbo ìlú fi ń wá ìwòsàn, kì í ṣe ohun tí a di ru tálákà. Ọba àti àwọn ìjòyè ni ìlú kọ́kọ́ máa ń wò pé kí wọ́n pèsè rẹ̀.

Ìtàn kan náà sì fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ hàn. Dókítà Ogúntọ́lá Sápárà, ọ̀kan nínú àwọn dókítà Yorùbá àkọ́kọ́ nínú ìṣègùn òyìnbó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná láti wádìí wọn, ó sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé àwọn kan nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ tan àrùn kálẹ̀ nítorí pé ogún ẹni tí ìgbóná bá pa, ọwọ́ wọn ni í bọ́ sí. Ìwádìí rẹ̀ wà lára ohun tó mú ìjọba amúnisìn fòfin de ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bóyá gbogbo ẹ̀sùn náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ewu tó tọ́ka sí kì í ṣe ti àwọn abọrẹ̀ nìkan: agbára tí àrùn bá gbé dìde lè kọ́ bí a ti ń jẹ lára àrùn, nítorí náà ni ìlú fi gbọ́dọ̀ máa bi aláṣẹ léèrè ohun tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ àwọn tó kù bá ṣófo.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tó pọ̀ jù ní Ṣómólú àti Bàrígà lónìí kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 24, Ọba Dáfídì ka àwọn ènìyàn rẹ̀ láti mọ iye wọn, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀ lé e, ó pa 70,000 ènìyàn. Ohun méjì ni Dáfídì ṣe tó yẹ kí olórí kọ́. Èkíní, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ìyà náà wá sórí òun àti ilé òun, nítorí pé àwọn ará ìlú kò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èkejì, nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ ìpakà fẹ́ fún un ní màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rúbọ, ó kọ̀, ó san owó rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ rú ẹbọ tí kò ná òun ní nǹkan kan. Ní ti Ìsìláàmù, ìtàn sọ nípa Kálífà Umar ọmọ Khattab pé, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, nǹkan bí ọdún 639, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ Amwas ti wà níbẹ̀, ó yí padà. Nígbà tí Abu Ubayda, ọ̀gágun rẹ̀, sì béèrè bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún, ó dáhùn pé inú kádàrá náà ni ibi tí òun ń kúrò wà, inú rẹ̀ náà sì ni ibi tí òun ń lọ wà. Ọ̀rọ̀ yìí tó láti pa ẹnu ẹni tó ń sọ pé ìgbàgbọ́ kò gba ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí àkókò kan náà ni ìyàn ńlá mú ní Mẹ̀dínà, ìyàn tí wọ́n ń pè ní Ọdún Eérú, tí Umar sì kọ̀ láti jẹ ẹran àti òróró wàrà títí tí àwọn ará ìlú fi rí i jẹ. Ọkùnrin tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn má rìn ni ọkùnrin tó fi inú ara rẹ̀ mọ ebi àwọn tí kò rìn.

Ilé ìjọsìn wà lára ohun tí a tì pa ní Èkó, ó sì pẹ́ ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ kí wọ́n tó ṣí i: ìjọba kéde oṣù Kẹfà, ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì di ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ fún mọ́sálásí àti ọjọ́ 9 fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú èyí jinlẹ̀ fún àwọn ìjọ Aládùúrà tí aṣọ funfun wọn kún àwọn àdúgbò wọ̀nyí, nítorí pé inú àjàkálẹ̀ ni wọ́n ti bí ìran wọn. Àrùn influenza ọdún 1918 ló kó àwọn àgbà ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde jọ sínú àdúrà lábẹ́ J. B. Sadare, tí Sophia Odunlami náà sì di ohùn pàtàkì nínú rẹ̀; ọdún 1925, nígbà tí àrùn eku tó wọ Èkó ní 1924 ṣì ń pa ènìyàn, ni Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Séráfù. Ibi tí àwọn ènìyàn sá sí nígbà àrùn àtijọ́ ni ìjọba sọ pé kí wọ́n má ṣe wọ̀ nígbà àrùn tuntun. Títì náà tọ̀nà, nítorí pé àrùn tó ń gba inú èémí ràn kò mọ ilé Ọlọ́run yàtọ̀. Síbẹ̀, ilé ìjọsìn ni ibi tí tálákà ti ń rí oúnjẹ, owó àti ẹni tí yóò béèrè rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ilẹ̀kùn yẹn ti gba ojúṣe tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu gbìyànjú láti gbé díẹ̀ nínú ojúṣe náà, ìgbìyànjú rẹ̀ lórí ìtọ́jú àwọn aláìsàn ní Yaba àti Gbagada sì yẹ fún ọ̀wọ̀. Oúnjẹ ìrànwọ́ tó kéde ní òpin oṣù Kẹta wà fún ìdílé 200,000 ní ìpele àkọ́kọ́, ènìyàn mẹ́fà sí ìdílé kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé ọwọ́ àwọn tó yẹ, 1,200,000 ènìyàn ni yóò jẹun. Ìkànìyàn ọdún 2006 tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fúnra rẹ̀ sì sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní 17,500,000, èyí tó fi hàn pé oúnjẹ náà kò lè kan ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ Dáfídì tún padà wá, ṣùgbọ́n ní òdìkejì. Ní ọdún 2006 kan náà, àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé 402,673 ènìyàn ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé wọ́n jẹ́ 1,025,123. Ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì ni pé ó ka àwọn ènìyàn láti fi yangàn. Ti àwọn olórí wa ni pé wọ́n kà wọ́n fún owó àti ìbò, wọ́n jà lórí iye náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí àrùn fi dé. Nǹkan bí 600,000 ènìyàn ló wà láàárín iye méjèèjì. Kò sí bí ìjọba ṣe lè bọ́ ẹni tí kò tíì gbà pé ó wà.

Ohun tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí oúnjẹ kò dé ni pàṣán. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ pé, láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, àwọn agbófinró pa ènìyàn 18 ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń fi ipá mú àṣẹ náà ṣẹ, nígbà tí iye ènìyàn tí àrùn fúnra rẹ̀ pa kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká àti àwọn agbẹjọ́rò kan ti ń béèrè ibi tí Ààrẹ ti rí agbára láti ti ìpínlẹ̀ pa, èsì tí ìjọba sì fún wọn ni Òfin Ìsémọ́ ọdún 1926. Ní oṣù Kẹwàá, tí àrùn ti rọlẹ̀, àwọn ènìyàn já ilé ìpamọ́ kan ní Mazamaza, wọ́n rí ìrẹsì àti àwọn oúnjẹ mìíràn tí wọ́n kó pamọ́ fún ìrànwọ́ Kòrónà. Àlàyé ìjọba ni pé wọ́n ṣì ń pín in lọ.

Òfin 1926 yẹn, tí àwọn amúnisìn ṣe, ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ó gba olórí láyè láti ké ìlú sọ́tọ̀, ó sì ka iye tí ẹni tó bá rú u yóò san: 200 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Gbèsè atẹ̀wé tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣómólú hàn níbẹ̀ dé orí náírà àti oṣù. Iye tí a jẹ ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó gbọ́ràn, tó ti ilẹ̀kùn, tó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.