Èéfín Tiwa, Omi Ẹlòmíràn

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí: bí a bá ṣe ẹlòmíràn ní ibi láìmọ̀, tí a kò sì rí i sójú rí, ṣé ọrùn wa mọ́?

Ní ilẹ̀ Nọ́wè àti Súwídìn, ní àríwá Yúróòpù, adágún omi pọ̀ lọ súà. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn apẹja ibẹ̀ rí ohun ìyanu. Omi mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹja nínú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò da májèlé sí i. Ní 1967, Svante Odén, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Súwídìn, ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn pé láti ojú ọ̀run ni ó ti wá. Bí a bá sun èédú tí a wà nílẹ̀ tàbí epo, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ a bá èéfín gòkè. Afẹ́fẹ́ a gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, a sì bá òjò wálẹ̀ bí ásíìdì. Omi a wá kan, ibi tí ẹja fi ń mí a bàjẹ́, ẹyin rẹ̀ a sì kú kí ó tó di ọmọ.

Púpọ̀ nínú èéfín náà kì í ṣe tiwọn. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ni ó ti ń wá.

Kí a má yára dá ẹjọ́. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìkà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti gba Badagry wọlé tọ̀ wá wá ní 1842. Ní oṣù December 1952, èéfín èédú bo ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó kéré tán 4,000 ènìyàn ni ó kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe òfin, tí wọ́n sì kọ́ òpó èéfín gíga fíofío sí àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, kí èéfín má baà bo aráàlú mọ́. Ohun rere ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n èéfín tí wọ́n lé kúrò lórí ọmọ tiwọn, inú omi ọmọ ẹlòmíràn ni ó lọ bọ́ sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn kan a máa sọ pé bí ìfẹ́ bá wà, a kò nílò òfin. A kò lè gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ìfẹ́ kò lè tún ohun tí kò rí ṣe. Ní Stockholm ní 1972, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ni ohun ìní rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ba ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́. Ní 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wọn ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá ààlà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sẹ́. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Geneva. Ní Helsinki ní 1985, àwọn kan nínú wọn ṣèlérí pé, ó pẹ́ tán ní 1993, àwọn yóò ti dín imí-ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá wọn fọwọ́ sí èyí. Ẹ̀rí kò tíì tó lójú wọn, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ó di 1994, ní Oslo, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn lórí imí-ọjọ́.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: láti 1967 sí 1994 jẹ́ ọdún 27.

Lónìí, imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ Yúróòpù ti dín kù gidigidi, ẹja sì ti padà sí ọ̀pọ̀ omi. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń da ìyẹ̀fun òkúta ẹfun sí àwọn omi kan ní Nọ́wè àti Súwídìn, kí kíkan wọn lè rọlẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀lú kì í yára gbàgbé.

Nínú ìwé Esekíẹ́lì orí 34, Olúwa bá àwọn àgùntàn kan wí: wọ́n mu omi tí ó mọ́ ní àmutẹ́rùn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rú èyí tí ó kù fún àwọn yòókù. Mímu omi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìbojúwẹ̀yìn ni ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé ọrùn ẹni tí kò mọ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ti sọ fún, tí kò fẹ́ wo ibi tí a nawọ́ sí, ọrùn rẹ̀ kò mọ́.

Àwa náà ńkọ́? Bí òjò bá ti ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wa a gbé pàǹtí lọ sójú gọ́tà kí àgbàrá lè gbé e lọ. Lọ sí ibo? Àwa tí a ń kọ èyí ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi kó lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí a wá rí ibi tí pàǹtí òkè ń gúnlẹ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà wa ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí a ó máa da pàǹtí sí, kí a sì yan ẹni tí yóò máa wò ó, tí yóò sì lè bá ìyá ẹgbẹ́ pàápàá wí. Bí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ èdè ara wọn bá lè ṣe é, àwa tí a jọ ń kọrin nínú ilé Ọlọ́run kan náà lè ṣe é.

Kí Olúwa là wá lójú láti rí aládùúgbò tí a kò rí. Àmín.