Ẹ̀kọ́ Àjọgbékalẹ̀: Ta Ni Ó Ni Àṣìṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùkọ́ bá pawọ́ pọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ kan, tí ọ̀kan nínú wọn kọ́ ọ, tí kò sì yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ta ni ó ni àṣìṣe náà?

Ilẹ̀ Japan ni irú àjọṣe yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Àwọn olùkọ́ a jọ ṣètò ẹ̀kọ́, ẹnì kan a kọ́ ọ, àwọn yòókù a máa wo bí ó ti ń wọ àwọn ọmọ létí. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn a jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2005, orílẹ̀-èdè Zambia mú un lò. Ní 2006, Nàìjíríà àti Japan bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kaduna, Niger àti Plateau. Ìlànà rẹ̀ ni kí olùkọ́ ṣètò, kí ó kọ́ni, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì tún un ṣe.

Ká ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wáyé ní Lugbe, lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá, níbi tí ọmọ Gbagyi, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ti lè jọ wà ní kíláàsì kan. Ìdá ni wọ́n ń kọ́. Ọsàn ni wọ́n gé ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ tí ó dàgbà jù ni ó wà níwájú pátákó. Èyí tí ó kéré jù, tí ó dúró lẹ́yìn, rí i pé àwọn ọmọ kan ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdá kan nínú mẹ́rin ju ìdajì lọ, nítorí pé mẹ́rin ju méjì lọ. Ǹjẹ́ kí ó sọ ọ́, àbí kí ó fi ọ̀wọ̀ àgbà panu mọ́?

Àwọn kan yóò ní kí ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọmọlúàbí kì í dójú ti àgbà láwùjọ. Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ tí ó bá gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ti di ẹrù tí a gbé ka aláìṣẹ̀ lórí. Ẹni tí ń kọ ebè kì í mọ̀ bí poro rẹ̀ bá wọ́. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni ó ń rí i.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan: "a". Bí ọ̀dọ́ náà bá wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, a kò fi ìdajì àti ìdá mẹ́rin ọsàn náà wé ara wọn lójú àwọn ọmọ," kò rí àgbà fín, kò sì purọ́, nítorí pé òun náà wà níbẹ̀ nígbà ètò. Ṣùgbọ́n kí "a" má di ibi ìsápamọ́ sí. Ohun tí ó bá di ti gbogbo ènìyàn a máa di ti ẹnikẹ́ni kọ́. Nítorí náà, kí olúkúlùkù sọ èyí tí òun yóò tún ṣe kí wọ́n tó dìde.

Gbogbo wọn ni ó ni àṣìṣe. Gbogbo wọn ni ó sì ni àtúnṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, òtítọ́ tí a fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ kì í ba àgbà jẹ́. Ọmọ ni ó ń tún ṣe.