ERUKU TÍ Ń BẸ NÍNÚ KÁMẸ́RÀ: Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ÀKÓKÒ LẸ́ŃTÌ

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kò tíì kúrò lórí àwọn ìjókòó nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn ìyá ìjọ tí ń tọ́jú ibẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà jíjìn ni eruku yìí ti ń bọ̀: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ gbígbẹ kan wá tí à ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti wà rí ní ayé àtijọ́, afẹ́fẹ́ a sì gbé e kọjá lórí ilẹ̀ Haúsá títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nípa eruku ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nínú oṣù yìí; kì í ṣe ti orí ìjókòó, bí kò ṣe ti inú kámẹ́rà tí a fi ń ya àwòrán ìwé ìròyìn yìí. Ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí ó dùn wá, ó sì tọ́ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ní gbangba ni a ti ṣẹ̀.

Àwọn tí ń ka ìwé yìí déédéé yóò rántí pé ní ìparí ọdún tí ó kọjá, àwọn àwòrán wa kò dára. Nínú àwòrán ìsìn ìgbọwọ́lé tí a yà níta, àmì dúdú kan tí ó dà bí èéfín wà ní ojú ọ̀run lókè ilé ìsìn. Nínú ti ìkórè, àmì kan náà wà lójú ọ̀run. Nínú ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó bà lé gèlè ẹnì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni a fi kámẹ́rà wa rán níṣẹ́, ẹni tí ń fi gbogbo ọkàn sin ìjọ rẹ̀. A pè é, a sì bá a wí níwájú ìgbìmọ̀. A ní kò nu lẹ́ńsì. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, mo nù ún kí n tó jáde nílé, mo sì tún nù ún nígbà tí mo dé ilé ìsìn.” Àwa kò gbà á gbọ́. A dá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró, a sì kọ gbólóhùn kan sínú ìwé Oṣù Kejìlá pé àìfiyèsí ẹni tí ó ya àwòrán ni ó fà á. A kò dárúkọ rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti ìgbà náà ni a kò ti rí i mọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ní Oṣù Kìíní ni olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ àwòrán dáadáa wá kí wa. A fi àwọn àwòrán náà hàn án, bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí. Ó tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì bi wá pé, “Ẹ̀yin Bàbá, ṣé ẹ ti kíyè sí i pé ibi kan náà ni àmì yìí wà nínú gbogbo wọn?” Àwa kò kíyè sí i. Ó wá ṣàlàyé pé eruku tí ó bà lé iwájú lẹ́ńsì kì í sábà hàn nínú àwòrán. Èyí tí ó bá dúró sójú kan láti àwòrán dé àwòrán, bí a tilẹ̀ pààrọ̀ lẹ́ńsì, inú kámẹ́rà ni ó wà.

Àwọn àgbà àárín wa mọ kámẹ́rà onífíìmù. Nínú rẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ojú fíìmù tirẹ̀; bí eruku bá bà lé ọ̀kan, a óò yí fíìmù síwájú, eruku náà a sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969 ni Willard Boyle àti George Smith ní Amẹ́ríkà ronú kan ohun kékeré kan tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di agbára mànàmáná, ní ọdún 1975 sì ni Steven Sasson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Kodak, fi irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Nínú irú kámẹ́rà yìí, ojú kan ṣoṣo ni ó ń gba gbogbo àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ti kámẹ́rà wa jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní gíga, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ojú kékeré yìí ni ó gba ìgbéyàwó, òun náà ni ó gba ìsìnkú. Òun ni ó gba ojú Bíṣọ́ọ̀bù àti ojú ọmọ jòjòló. Bí ohun kan bá lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ ni yóò gba àbàwọ́n tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn wa rí. Ojúlùmọ̀ ń lọ, ojúlùmọ̀ ń bọ̀, ọkàn kan náà ni a fi ń wò wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ó bá jẹ́ pé kíláàsì ti ọdún kìíní ya aláìgbọràn, tí ti ọdún kejì ya aláìgbọràn, tí ti ọdún kẹta kò sì sàn jù wọ́n lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè: àwọn ọmọ ti yípadà lẹ́ẹ̀mẹta, ta ni kò yípadà? Àlùfáà pẹ̀lú tí ó ti sìn ní ìjọ márùn-ún, tí ó sì bá ọ̀tá márùn-ún pàdé nínú wọn, kí ó tẹ́ àwọn àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì kí ó wò wọ́n. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó rí ohun kékeré lójú arákùnrin rẹ̀, tí kò sì rí ìtì igi tí ó wà lójú ara rẹ̀. A ti wàásù lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà. A kò mọ̀ pé a lè gbé ìtì igi náà fún ẹlòmíràn kí ó fi yàwòrán, kí a sì tún bá a wí.

A béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà pé, èéṣe tí a kò fi rí àmì yìí nínú àwọn àwòrán tí àwa fúnra wa ti ń yà nínú ilé ìsìn? Ó ní inú lẹ́ńsì ní ihò kan tí a lè mú kí ó fẹ̀ tàbí kí ó há. Bí ó bá fẹ̀, bí èyí tí a kọ 2.8 sí, ìmọ́lẹ̀ a gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé, a yí eruku náà ká, òjìji rẹ̀ a sì pòórá. Bí ó bá há dé 16 tàbí 22, ojú kan ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá, òjìji eruku a sì dúró gedegbe. Àwa a máa yàwòrán nínú òkùnkùn ilé ìsìn, ihò fífẹ̀ ni a sì ń lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró nínú oòrùn, ó há ihò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà ti gbà, kí ojú gbogbo ènìyàn lè mọ́ kedere láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ohun tí ó ṣe dáadáa ni ó tú àṣírí wa, nítorí rẹ̀ ni a sì ṣe bá a wí.

Nígbà tí ọ̀nà fẹ̀ fún wa, tí owó ń bẹ lọ́wọ́, tí ara le, tí àwọn ọmọ ń yege, ta ni yóò mọ̀ pé ìlara tàbí ìbínú wà nínú wa? Ìmọ́lẹ̀ ń yí i ká. Ṣùgbọ́n kí owó oṣù má dé lásìkò, kí àìsàn wọlé, kí a gbé ẹni tí ó kéré sí wa ga jù wá lọ nínú ìjọ, ojú ẹsẹ̀ ni àmì dúdú yóò yọ. Àwa a sì máa wí pé, “Ìdààmú ni ó sọ mí dà báyìí.” Ìdààmú kò sọ wá di ohunkóhun, eruku ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí olùkọ́ náà ti ń sọ̀rọ̀, a rántí ohun kan, ó sì jẹ́ ohun ìtìjú. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún tí ó ṣáájú, àwa fúnra wa ni a pààrọ̀ lẹ́ńsì lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń kọjá lọ kọjá bọ̀. A kò pa kámẹ́rà náà, a sì dojú rẹ̀ kọ òkè bí igbá tí a fi ń gbe òjò. Èyí tí ó burú jù ni pé láti oṣù mélòó kan ni a ti ń rí àmì kékeré nínú àwọn àwòrán ìta tí a yà, tí a sì ń fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìwé tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bí a bá pa ti òní rẹ́, ti ọ̀la a tún jáde. A kò béèrè ibi tí ó ti ń wá. Àwòrán ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìkan ni ó lọ láìsí ẹni tí ó bá a bo àṣírí. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń gbé irú ayé báyìí, ará: a ń tọrọ àforíjì ìwà kan náà lọ́dọọdún, a sì ń fi ẹ̀rín bo orísun rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni a nu kámẹ́rà náà lórí tábìlì oúnjẹ wa. Olùkọ́ náà ní kí a ti fèrèsé, kí a pa fáànù, kí a sì fi aṣọ tútù nu tábìlì. Ó kọ́kọ́ ya ògiri funfun kan pẹ̀lú ihò 22, ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà: a ka àmì mọ́kànlá. Mọ́kànlá! Ẹyọ kan ni àwa mọ̀. Ó kìlọ̀ pé èyí tí ó wà lókè nínú àwòrán, ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ni a óò ti bá a, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa dorí kodò bí ó bá gba inú lẹ́ńsì kọjá. Ó wo bátìrì, ó rí i pé kò kún, ó sì mú kí a dúró títí ó fi kún. Nítorí bí agbára rẹ̀ bá tán lójijì, dígí tí a gbé sókè nínú kámẹ́rà yóò bọ́ sílẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì tì mọ́ ohun tí a fi ń nù ún. Àwa ti sún mọ́ ọn láti fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó di ọwọ́ wa mú: itọ́ ń bẹ nínú èémí ènìyàn. Afẹ́fẹ́ inú agolo tí àwọn kan ń tà, ó ní kí a má ṣe dán an wò, nítorí a máa tu omi sára dígí.

Rọ́bà kékeré kan ni ó mú, èyí tí a ń fún lọ́wọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀, ó fún un nígbà mẹ́wàá láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ohunkóhun. A tún ya ògiri náà: mẹ́jọ ti lọ, ó ku mẹ́ta tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, èyí olókìkí náà sì wà nínú wọn. Fún àwọn wọ̀nyí ó mú igi pẹlẹbẹ kan tí a fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé, tí ìbú rẹ̀ bá ti sẹ́ńsọ̀ mu. Ó kán ẹ̀kán omi ìfọ̀ méjì péré sí i, ó fà á láti etí kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó fà á bọ̀, ó sì sọ ọ́ nù. A bi í bí a kò bá lè fọ̀ ọ́ kí a tún un lò. Ó rẹ́rìn-ín. Èyí tí ó ti gbé eruku, bí a bá tún fi nu dígí, yóò họ ọ́.

Láti ọdún 2003 tí ilé iṣẹ́ Olympus ti ṣe irú rẹ̀ jáde ni àwọn kámẹ́rà kan ti ń gbọn eruku dànù fúnra wọn. Tiwa pẹ̀lú ń gbọ̀n nígbà tí a bá tan án, a sì fi ọkàn tán èyí. Eruku gbígbẹ a máa bọ́; èyí tí ó rin tí ó sì lẹ̀ kì í gbọ́ ti gbígbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni a ń kúnlẹ̀ ka ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. Ó dára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀. Àwa kà á ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ó wà láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, a sì dìde lórí eékún wa láìrántí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ó ń fẹ́ kí a mọ ibi tí ó wà gan-an, kí a sì tọ ẹni tí a ṣẹ̀ lọ. Onísáàmù mọ̀ pé èyí tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò rí pẹ̀lú ń bẹ, ó sì mú un tọ Ọlọ́run lọ nínú Orin kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn jẹ́ ẹlẹgẹ́: olùkọ́ náà kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe máa nù ún lójoojúmọ́. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bo sẹ́ńsọ̀, dígí náà nìkan ni ọwọ́ wa lè kàn. Ẹni tí ó bá ń họ ọ́ ṣáá yóò ṣe é ní ibi ju eruku lọ. Ohun tí ó wà lábẹ́ dígí náà, ẹni tí ó ṣe é ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, a lọ sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìyá rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ojú sì tì wá, nítorí àwa ni ó yẹ kí ó wà nílẹ̀. A sọ ohun tí a bá wá. Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a lè fi àwòrán ògiri náà han òun. A fi í hàn án. Ó ka àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka sí èyí tí ó wà lókè, ó ní, “Èyí ni mo rí, Bàbá.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, àwa kò sì béèrè ìgbà tí yóò padà. Owó rẹ̀ tí a dá dúró, a ti san án. Gbólóhùn tí a kọ sínú ìwé Oṣù Kejìlá, a fà á padà níhìn-ín níwájú gbogbo yín: kì í ṣe àìfiyèsí rẹ̀ ni ó ba àwòrán jẹ́, eruku tí àwa jẹ́ kí ó wọlé ni. Kámẹ́rà náà ti mọ́ báyìí, a sì ń tọ́jú rẹ̀ dè é, bí ó bá fẹ́ fi ya àwòrán ọjọ́ Àjíǹde.