Ẹ̀yẹ Tí A Fi Owó Rà

Ká sọ pé ọmọ-ọmọ kan ní Alajo, ní ìlú Accra, tú àpótí bàbá àgbà rẹ̀ tí ó ti di olóògbé, ó sì bá ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kan níbẹ̀. (Létí ọmọ Yorùbá, orúkọ àdúgbò náà jọ ti alájọ tí ń gba owó àjọ, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.) Ìràwọ̀ tí a fún àwọn tí ó jagun Burma ni. Àwọn ọmọ Gold Coast wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin tí ó bá àwọn ará Japan jà níbẹ̀ láàrin 1943 sí 1945. Oníbàárà kan fẹ́ ra ìràwọ̀ yìí, ṣùgbọ́n iye tí ó dá kò tó nǹkan. Oníbàárà yìí kan náà ń fi ojú méjèèjì wá àmì ẹ̀yẹ ológun Jámánì ti ìgbà Hitler, ó sì ṣetán láti san ìlọ́po ìlọ́po owó náà lé e lórí. Kí ni ó ń rà gan-an?

Ọ̀wọ́n ni yóò sọ pé òun ń rà. Ọba Prussia ni ó dá Àgbélébùú Onírin sílẹ̀ ní 1813. Hitler sọ ọ́ jí ní 1939, ó sì fi swastika sí àárín rẹ̀. Èyí tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀ kárí ọ̀pọ̀ ológun, nítorí náà kò wọ́n. Èyí tí a ń fi kọ́ ọrùn kò ju ẹgbẹ̀rún méje àti díẹ̀ lọ, òun ni ó ń gba owó gọbọi. Iye ni ọjà ń kà. Kò bi ìṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni àmì ẹ̀yẹ kí ó tó di irin. Ẹnìkan ni ó sọ fún ẹlòmíràn pé ó ṣe akin. Bí oríkì ni: ó ní ẹni tí ń kì, ó ní ẹni tí a ń kì, ó sì ní ohun tí a torí rẹ̀ kì í. Òótọ́ ni pé à ń náwó fún onílù lóde òní, síbẹ̀ oríkì tiwa ni à ń náwó sí, kì í ṣe ti aládùúgbò. Ẹni tí ó ra irin náà kò ra ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ẹnu tí ń kì bá wá jẹ́ ẹnu ìkà ńkọ́? Ní Chasselay, nítòsí Lyon, ní oṣù Kẹfà 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó jà fún Faransé sọ́tọ̀ láàrin àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Itẹ́ òkú wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Ta ni ó lè búra pé irin tí ó wà nínú dígí olówó kan kò sí láyà ẹni tí ó yìnbọn lọ́jọ́ náà? Ní 1957, òfin Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì gba àwọn ológun àtijọ́ láyè láti lo ẹ̀yẹ wọn, bí a bá ti yọ swastika kúrò. A pa orúkọ akigbe rẹ́, a fi oríkì sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára dájọ́, ṣáá o. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá Gómìnà ní Christiansborg, ní Accra yìí kan náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn. Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Ìjọba tí ó fi ìràwọ̀ kì wọ́n ni ó ni ìbọn náà. Bí ẹ̀gbin ẹnu akigbe bá ń ba oríkì jẹ́, ìràwọ̀ inú àpótí náà kò mọ́ pátápátá.

Ìyàtọ̀ wà síbẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú ẹ̀yẹ Jámánì pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ẹni tí ó gbà á àti ibi tí ó ti jà ń tọ́jú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó tọ́jú irin nìkan ń bá apànìyàn gbé ẹrù pamọ́ ni. Wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára Àgbélébùú Onírin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ ọ́ sára ìràwọ̀ Burma ti Alajo. Bí ìràwọ̀ yẹn bá fi ilé sílẹ̀ láìsí ìwé, kò sí ẹni tí yóò tún mọ bàbá tí ó ni ín. Oníbàárà ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.