Bọ́ọ̀lù Tí Ó Kọjá Ìlà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń bi olùkọ́ wọn, tí olùkọ́ mìíràn sì máa ń fi ẹ̀rín sá fún: bí adájọ́ bá dá ẹjọ́ tí kò tọ́, ṣé dandan ni kí a gbà á? A ó fi ọ̀ràn bọ́ọ̀lù wò ó, nítorí kò sí ọmọ tí yóò sùn bí a bá ń sọ ọ́.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé ní Pápá Ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, ní Èkó, láti du Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn àlejò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá èkejì. Nígbà tí àkókò tán tí wọ́n sì ṣe ọ̀mì, 2 sí 2, ọ̀ràn di pẹ́náritì. Nwankwo Kanu gbá tirẹ̀ nù. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ba igi ìdábùú òkè, ó já sílẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà síta. Ẹ̀rọ ayàwòrán rí i. Adájọ́ eré, tí í ṣe ọmọ Tùnísíà, kò rí i. Kamẹrúùnù borí, 4 sí 3.

Ní agbègbè Ọ̀fàdà wa yìí, igi pèrègún ni a fi ń mọ ààlà oko. Bí àwọn àgbà bá ṣìṣe, tí wọ́n gé nínú ilẹ̀ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ibi tí a gbin pèrègún sí kò yí padà nítorí ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀ bí olúkúlùkù bá kọ ìdájọ́ tí kò wù ú, àdá ni yóò máa parí ẹjọ́. Nítorí náà a ní kí a gba ìdájọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹnikẹ́ni pè é ní òtítọ́.

Àwọn kan ń wí pé a jí ife wa gbé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò: bí a bá ka ti Ikpeba, 4 sí 4 ni ìbá jẹ́, eré ìbá sì tún máa bá a lọ. Ohun tí a pàdánù ni àyè láti bá a lọ, èyí kò sì kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife.

Ìhà kejì ni ó dùn wá jù. Ìṣẹ́jú akàn ni adájọ́ ní láti fi wò ó. Àwa tí a jókòó nílé rí àwòrán náà ní àrítúnrí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa di ẹ̀bi ru Ikpeba, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà gẹ́gẹ́ bí a ti rán an. Ìdájọ́ tiwa yìí, ta ni ó fi agbára gbà á lọ́wọ́ wa? Bí ó bá sì ṣe pé bọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù ni, ǹjẹ́ ẹnì kan nínú wa ìbá ké sí adájọ́ pé ó ti wọlé? A kò rò bẹ́ẹ̀.

Ní 2010, ní Bloemfontein, irú rẹ̀ ṣe àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì níwájú Jámánì, nígbà tí bọ́ọ̀lù Frank Lampard kọjá ìlà tí a kò sì kà á. Ní 2012 ni àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù gba ẹ̀rọ láyè tí ń sọ fún adájọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé. Ẹ̀rọ náà kò padà sẹ́yìn lọ sí Sùúrùlérè. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, 4 sí 3 ni ó ṣì wà.