A Kì í Fi Ojú Jẹun Yó

Bíbélì Kíkà: Aísáyà 29:8, Jòhánù 6:35, Jákọ́bù 1:22-25, 2:15-16
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Jákọ́bù 1:22

ÌFÁÀRÀ
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ wo bí ó ti máa ń rí nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá jọ wo sinimá tí ó dá lórí oúnjẹ. Wọ́n ń rí bí ọbẹ̀ ti ń hó, bí a ti ń bu oúnjẹ sínú àwo, itọ́ sì ń dà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá bá parí, ebi tí wọ́n ń gbé lọ sílé a máa ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ. Èéṣe? Ojú wọn lọ sí ibi àsè, ikùn wọn kò bá a lọ. Wòlíì Aísáyà mọ ọ̀rọ̀ yìí: ó sọ nípa ẹni tí ebi ń pa tí ó ń jẹun lójú àlá, tí ó sì jí, tí ikùn rẹ̀ ṣófo.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́
Ọ̀kan nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀ ni Babette's Feast, tí Gabriel Axel ṣe ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì ní 1987, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 1988. Babette jẹ́ obìnrin ará Faransé tí ó sá kúrò ní Paris ní 1871 nítorí ìjà ìlú. Ó ń dáná fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, ọmọ pásítọ̀ tí ó ti kú, ní abúlé kan létí òkun. Lẹ́yìn ọdún 14, ó jẹ 10,000 fránkì nínú lọ́tìrì. A kò yin tẹ́tẹ́ títa. Ohun tí ó fi owó náà ṣe ni kí a kíyèsí. Ó ná gbogbo rẹ̀ tán lórí àsè kan ṣoṣo fún ènìyàn 12. Àwọn ọmọ ìjọ kékeré náà ti di ara wọn sínú. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń jẹun, ọkàn wọn rọ̀. Àwọn tí ó ti rẹ́ ara wọn jẹ dáríjì ara wọn.

Ẹ kíyèsí i: àwọn tí ó jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n sì jẹun ni ó yípadà. Ẹni tí ń wòran rí oúnjẹ kan náà, kò sì tọ́ ọ wò.

1. Gbígbọ́ nìkan kò tó. Ẹlòmíràn ti wà ní kíláàsì yìí fún 20 ọdún. Ó mọ ẹsẹ àkọ́sórí láìwo ìwé. Ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa ìdáríjì. Ṣùgbọ́n òun àti arákùnrin tí ó jókòó ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kì í kí ara wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń wo àsè ni, kò tí ì jẹun. Jésù kì í ṣe àwòrán oúnjẹ. Òun ni oúnjẹ ìyè fún ẹni tí ó bá tọ̀ Ọ́ wá.

2. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu bọ́ aládùúgbò yín. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé Ọlọ́run yóò pèsè, tí a sì ti ilẹ̀kùn wa, àwòrán oúnjẹ ni a fi hàn án.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ẹ̀kọ́ wo ni ẹ gbọ́ ní oṣù tí ó kọjá tí ẹ kò tí ì ṣe?
2. Ta ni ó yẹ kí ẹ tọ̀ lọ kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, yálà láti bá a làjà tàbí láti gbé oúnjẹ fún un?