Gbígba Ìmọ̀ràn Lọ́dọ̀ Onímọ̀ Kò Tako Ìgbàgbọ́: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì àti sí Àwọn Òbí Wọn

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Allāhu, Ọba tí ó dá ọkàn, tí ó sì mọ ohun tí ó pamọ́ sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa àti fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun. Lára ìpáyà Ọlọ́hun ni kí a mójútó ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa, àwọn ọmọ wa sì wà nínú rẹ̀. Ìdánwò ìparí sáà ti ń sún mọ́lé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí a fi yan ọ̀rọ̀ òní.

A mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwa ni a bá wọn ṣe wòlímọ̀ nígbà tí wọ́n parí Àlùkùránì, àwa náà ni a ṣe àdúà nígbà tí wọ́n rí ìwé ìgbaniwọlé gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹrù wọn lọ, ohun tí à ń bi wọ́n lórí fóònù kò ju mẹ́ta lọ: ṣé ò ń kírun? Ṣé owó tí a fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ? Ìgbà wo ni ẹ máa ṣe tán? Ọmọ á ní "Alhamdulillah". Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń dáhùn yìí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ní carryover mẹ́rin, kò sì wọ kíláàsì mọ́. Ẹ rántí ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó ti ka ọdún mẹ́rin sọ́kàn ń wo ọdún karùn-ún àti ìkẹfà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹrù nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Yorùbá ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọ́fíìsì kan wà fún ìgbaninímọ̀ràn, lábẹ́ àwọn tí ń mójútó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ni, kì í ṣe pé wọ́n kàn ní ojú àánú. (Bí ọmọ yín bá ní òun lọ rí kánsẹ́lọ̀, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń sọ.) Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó. Yóò sọ ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, wọn yóò gbọ́ ọ, wọn yóò sì pa á mọ́, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n sì mọ òfin ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ kò dá, tí ó bá tètè kọ̀wé, lè gba àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó kàn tilẹ̀kùn mọ́ra, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, òfo ni wọn yóò kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. A ti rí èyí tí ìwé ìlénikúrò dé kí àwọn òbí tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ.

Àwọn kan yóò sọ pé Mùsùlùmí tí ó bá ní ìgbàgbọ́ kò nílò èyí, pé kí ó kírun òru, kí ó sì ka Àlùkùránì. A kò ní kí ó má kà á. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀ fún gan-an.

Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) padà wálé láti ihò àpáta Hirá, lẹ́yìn tí Málàíkà Jibrílù kọ́kọ́ wá bá a, jìnnìjìnnì mú un. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo òun. Nígbà tí ìbẹ̀rù náà rọlẹ̀, ó sọ ohun tí ó rí fún Khadíjà, ó sì sọ pé ẹ̀rù ara òun ń ba òun. Ẹ wo ohun tí ìyá wa ṣe. Kò bá a wí. Kò pe aládùúgbò. Ó rán an létí àwọn ìwà rẹ̀: bí ó ṣe ń da ẹbí pọ̀, bí ó ṣe ń bá ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn gbé e, bí ó ṣe ń tọ́jú àlejò. Lẹ́yìn náà ni ó mú un lọ bá Waraqah ọmọ Nawfal, ìbátan rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ó mọ̀ nípa àwọn ìwé tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú. Waraqah bi í léèrè ohun tí ó rí. Ó gbọ́ ọ tán kí ó tó sọ̀rọ̀, òdodo ni ó sì sọ, títí kan èyí tí kò dùn-ún gbọ́, pé àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò lé e kúrò nílùú. Khadíjà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti lè fẹ́ràn rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó mọ ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ parí sí.

Ẹlòmíràn yóò mú ọ̀rọ̀ Ànábì Ya'qūb wá, ẹni tí ó sọ nínú Sūrah Yūsuf pé Ọlọ́hun nìkan ni òun ń ké ìbànújẹ́ òun sí. Òótọ́ ni. Kí ó ka āyah tí ó tẹ̀lé e: níbẹ̀ ni ó ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ wá Yūsuf àti àbúrò rẹ̀ kiri, kí wọ́n má sọ̀rètí nù. Ó ké sí Ọlọ́hun, ó sì rán ènìyàn lọ.

A ti bi wá pé bí olùgbaninímọ̀ràn náà kì í bá ṣe Mùsùlùmí ńkọ́? Ní ọjọ́ Hijrah, ẹni tí Ànábì àti Abūbakr háyà láti fi ọ̀nà Mẹ̀dínà hàn wọ́n wà nínú ẹ̀sìn àwọn Kùràíṣì. Ó mọ ọ̀nà, wọ́n sì fọkàn tán an. Bí wọ́n bá gba ọmọ ní ìmọ̀ràn tí ó tako ẹ̀sìn, kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, kí ó sì mú ìyókù. Àwọn ọmọbìnrin wa lè béèrè fún olùgbaninímọ̀ràn obìnrin, tàbí kí wọ́n mú arábìnrin kan láti inú MSSN dání.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa lórí èyí tí ó kàn. Ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ wa lẹ́nu mọ́ jù lọ, ahọ́n wa ni. Ọmọ kan sọ ohun tí ó ń ṣe é fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú wọ́n ti kéde pé kí a ṣe àdúà fún ọmọ Alhaja Báyìí tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. Àdúà kọ́ nìyẹn, òfófó ni. Bákan náà ni àwọn tí ń pè ara wọn ní àáfà, tí wọ́n ti dárúkọ àlùjọ̀nnú àti iye owó kí wọ́n tó béèrè bóyá ọmọ náà jẹun. Rúkíyà wà nínú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n kò lé dókítà jáde kúrò nínú ilé.

A sì ti sọ "Arò" di èébú. Ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ẹni yìí kan náà ni ó wá di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí ohun ìtìjú kan níbẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ fún yín pé ayé ti sú òun, ọjọ́ náà kọ́ ni ọjọ́ ìwàásù iná. Lóòótọ́, ẹ̀sìn wa kọ̀ fún ènìyàn láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Sūrah Maryam. Nínú ìrora ìrọbí, lábẹ́ igi dàbínù, ní òun nìkan, Màríyámù sọ pé ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí. Ọlọ́hun kò bá a wí. Ohùn kan ké sí i pé kí ó má bànújẹ́, odò kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, dàbínù tútù sì wà lórí igi: kí ó jẹ, kí ó mu, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nítorí náà, ẹ jókòó tì í. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nínú sáàfù lónìí, bí ẹnì kan bá wà nínú yín tí kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró lẹ́yìn ìrun. Kò sí ìdí láti ṣàlàyé ohunkóhun fún wa. A ó bá a dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, a ó sì padà sẹ́yìn.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí O gbọ́ igbe Ànábì Yūnus nínú òkùnkùn ikùn ẹja, gbọ́ igbe àwọn ọmọ wa tí wọn kò lè ké síta. Fi ẹni tí yóò gbọ́ wọn sí ọ̀nà wọn, sì pa ahọ́n wa mọ́ lórí àṣírí wọn. Āmīn.